Jàǹbá Tí Ń Bá Àwọn Ọmọdé Nínú Ilé, àti Bí Ilé-Ìwòsàn Ti Ń Gbà Wọ́n Là



Àwọn àgbà máa ń wí pé, ọmọdé kò mọ oògùn, ó ń pè é ní ẹ̀fọ́. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ yìí títí di òní. Ọmọ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rìn kò mọ ìyàtọ̀ láàárín omi àti kẹrosíìnì. Kò mọ ìyàtọ̀ láàárín súìtì àti oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a fún ìyá rẹ̀ nígbà tí ó lóyún. Kò sì mọ̀ pé omi tí ń hó lórí iná lè bó òun lára. Ọwọ́ àti ẹnu ni ó fi ń kọ́ ohun tí ayé jẹ́. Nítorí náà, kò sí ilé kan ní ìlú Ìlọrin yìí tí jàǹbá kò lè wọ̀, ìbáà ṣe agbo-ilé ńlá ní Pàkátà, ìbáà sì ṣe yàrá kan ṣoṣo ní Tanke.

A kò wá síhìn-ín láti dá ìyá kankan lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ sọ ni èyí: ní ọ̀pọ̀ ìgbà, kì í ṣe jàǹbá náà gan-an ni ó ń pa ọmọ, bí kò ṣe ohun tí ìfẹ́ àti ìbẹ̀rù mú kí a sáré ṣe sí i kí a tó gbé e dé ilé-ìwòsàn. Ẹni tí ó bá mọ ohun tí kò yẹ kí òun ṣe ti ṣe ìdajì iṣẹ́ náà. A ó sì gbìyànjú láti sọ ìdí ohun gbogbo, nítorí pé òfin tí a mọ ìdí rẹ̀ kì í ṣòro láti pa mọ́.

NÍPA KẸROSÍÌNÌ

Ẹ jẹ́ kí a ti ibi kẹrosíìnì bẹ̀rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún, òun ni ó wà ní iwájú nínú àwọn ohun olóró tí àwọn ọmọdé ń mu, tí àwọn dókítà ń rí ní Ìlọrin àti ní ọ̀pọ̀ ìlú Nàìjíríà. Ìdí rẹ̀ kò jìnnà. Inú ìgò ohun mímu ni a ń rà á sí, ojú rẹ̀ sì dà bí ojú omi. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, tí oòrùn bá mú, ọmọ ọdún méjì tí òùngbẹ ń gbẹ rí ìgò tí ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ó sì gbé e sí ẹnu. Díẹ̀ ni ó máa ń gbé mì, nítorí pé kò dùn. Yóò sì húkọ́.

Ikọ́ yẹn ni kí ẹ kíyèsí. Ọ̀nà méjì ni ó pàdé nínú ọ̀fun ènìyàn: ọ̀kan ń lọ sí ikùn, èkejì ń lọ sí ẹ̀dọ̀fóró. Kẹrosíìnì tí ó bá gba ọ̀nà ikùn kì í sábà ṣe ibi púpọ̀, nítorí pé díẹ̀ nínú rẹ̀ ni ó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́, ó sì ń yọ̀. Bí ìwọ̀nba tí kò kún ṣíbí tíì bá yà sí ọ̀nà èémí, yóò tàn ká inú ẹ̀dọ̀fóró bí òróró ti ń tàn ká ojú omi. Yóò ba ohun tí ń jẹ́ kí àwọn àpò afẹ́fẹ́ kéékèèké inú rẹ̀ wà ní ṣíṣí jẹ́. Àwọn àpò náà yóò wú, omi yóò sì kún inú wọn. Nígbà náà ni ọmọ yóò máa mí kíákíá, tí ihò imú rẹ̀ yóò máa fẹ̀, tí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ yóò sì máa jìn wọ inú ní gbogbo ìgbà tí ó bá fa èémí.

Kí ni a máa ń ṣe nígbà náà ní ilé? A ó gbá ọmọ mú, a ó sì rọ epo pupa sí i lẹ́nu kí ó lè bì. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Kẹrosíìnì tí ó ti lọ sí ikùn, níbi tí kò ti lè ṣe ibi púpọ̀, ni a tún pè padà sókè láti kọjá ní oríta ọ̀nà méjì náà lẹ́ẹ̀kejì. Epo pupa pẹ̀lú lè bá a yà, ní pàtàkì bí ọmọ bá ń sunkún tí ó sì ń jà. Ẹ̀dọ̀fóró tí ń bá epo kan jìjàkadì ni a tún da epo mìíràn lé lórí. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni mílíìkì tí a fi ipá mú un mu. Ìyá tí ó ṣe èyí kò ṣe é nítorí ìkà. Ohun tí ó bá lọ́wọ́ ìyá tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ sọ òtítọ́: oògùn yìí ti pa ọmọ tí kẹrosíìnì kì bá tí pa.

Nígbà tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé ilé-ìwòsàn, inú a máa bí àwọn òbí mìíràn pé dókítà kò fọ ikùn rẹ̀, kò sì fún un ní ohun tí yóò mú un bì. Ìdí kan náà ni. Wọn yóò bọ́ aṣọ tí kẹrosíìnì ti rin, wọn yóò fi ọṣẹ àti omi wẹ ara ọmọ, wọn yóò fún un ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn bí èémí bá ń ni í lára, wọn yóò ya àwòrán àyà rẹ̀, wọn yóò sì máa ṣọ́ ọ fún wákàtí 6 ó kéré tán, àní bí ọmọ náà bá tilẹ̀ ń ṣeré. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pe ìṣọ́ yìí ní ìmẹ́lẹ́. Bí kò bá sí ikọ́, tí èémí rẹ̀ sì dúró dáadáa títí wákàtí wọ̀nyí fi pé, ọmọ náà yóò padà sí ilé.

NÍPA ÀWỌN OHUN OLÓRÓ MÌÍRÀN

Sódà tí àwọn alásè-ọṣẹ ń lò burú ju kẹrosíìnì lọ. Ibi tí ó bá kàn ni ó ń jó: ètè, ahọ́n, àti ọ̀nà oúnjẹ. Bí a bá mú ọmọ bì í, ó jó o nígbà tí ó ń lọ, ó tún jó o nígbà tí ó ń bọ̀. Ẹ fi omi fọ ẹnu rẹ̀, kí ẹ tú u dànù, kí ẹ sì gbé e lọ. Ẹ má ṣe rò pé ó ti tán nígbà tí ẹnu bá jinná. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àpá inú ọ̀nà oúnjẹ lè sún kì, kí ọmọ má lè gbé ẹ̀bà mì mọ́, lẹ́yìn náà kí ó má lè gbé ẹ̀kọ pàápàá mì. Láti la ọ̀nà náà padà sì lè gba oṣù púpọ̀ àti iṣẹ́ abẹ. Nítorí náà, bí dókítà bá wí pé kí a tún padà wá, ẹ jẹ́ kí a padà wá.

Otapiapia àti àwọn oògùn kòkòrò mìíràn ní àmì tiwọn. Itọ́ yóò máa dà lẹ́nu ọmọ, òógùn yóò bò ó, dúdú ojú rẹ̀ yóò kéré bí ojú abẹ́rẹ́, àyà rẹ̀ yóò máa dún, iṣan rẹ̀ yóò sì máa gbọ̀n. Oró yìí ń gba awọ ara wọlé, nítorí náà kí a bọ́ aṣọ rẹ̀ kíákíá kí a sì wẹ̀ ẹ́. Kí ẹni tí ń wẹ̀ ẹ́ ṣọ́ ara tirẹ̀. Abẹ́rẹ́ kan wà tí a ń pè ní atropine, tí ń gbẹ omi tí ó kún àyà irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Ilé-ìwòsàn ni ó wà. Kò sí àgbo tí ó lè ṣe iṣẹ́ rẹ̀.

Oògùn tí ó wà nínú àpò ìyá pẹ̀lú lè di májèlé. Hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ tí a ń fún aboyún ń dán, ó sì pupa bí súìtì, ṣùgbọ́n irin ni ó wà nínú rẹ̀. Ọmọ tí ó gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ mì yóò bì, yóò yàgbẹ́, nígbà mìíràn pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀. Lẹ́yìn náà ara rẹ̀ lè dà bí ẹni pé ó ti yá fún wákàtí díẹ̀, kí ó tó wó lulẹ̀ lójijì. Paracetamol náà a máa tan ni jẹ bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ọmọ tí ó mu àmujù rẹ̀ lè máa rẹ́rìn-ín, nígbà tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń bàjẹ́. Oògùn tí ń dènà èyí wà, ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ó wọ ara ọmọ kí wákàtí 8 tó kọjá. Ẹ má ṣe dúró de àmì. Bí hóró oògùn bá dín nínú ìgò tí ọmọ sì wà nítòsí, ẹ gbé ọmọ àti ìgò lọ.

NÍPA OÒGÙN TÍ A KÒ MỌ OHUN TÍ Ó WÀ NÍNÚ RẸ̀

Ìgbà mìíràn wà tí kì í ṣe ọmọ ni ó ṣi oògùn mu, bí kò ṣe àgbà ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún un. Ní 1990, a rí paracetamol olómi kan ní orílẹ̀-èdè yìí tí a fi omi olóró diethylene glycol pò dípò ohun tí ó yẹ. Àwọn ọmọ tí ó mu ún kò lè tọ̀ mọ́, nítorí pé kíndìnrín wọn ti kú; ìròyìn tí àwọn dókítà kọ ka ọmọ 47 tí ó kú. Ní 2008, oró kan náà tún padà wá nínú oògùn eyín-híhù tí a ń pè ní My Pikin, ọmọ tí ó ju 80 lọ sì kú kí ó tó dúró. Kì í ṣe àìbìkítà àwọn ìyá wọn ni ó pa àwọn ọmọ wọ̀nyí. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún wa ni pé, bí ọmọ tí a ń fún ní oògùn kò bá tọ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí a dá oògùn náà dúró, kí a sì gbé àti ọmọ àti oògùn lọ sí ilé-ìwòsàn. Eyín-híhù pàápàá kì í ṣe àìsàn tí ó ń fẹ́ oògùn.

A kò gbọdọ̀ gbàgbé kàfúrà, èyíinì ni àwọn hóró funfun roboto tí a ń kó sáàárín aṣọ nítorí kòkòrò. Láàárín àwọn Yorùbá, nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún ni a bí pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tí kò ní èròjà kan tó, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní G6PD. Bí irú ọmọ tuntun bẹ́ẹ̀ bá wọ aṣọ tí a fi kàfúrà pamọ́, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, kí ojú àti ara rẹ̀ pọ́n bí òdòdó aṣẹ́, kí oró ìpọ́njú náà sì wọ inú ọpọlọ, kí ọmọ má lè gbọ́rọ̀ tàbí kí ó má lè jókòó títí ayé. Nítorí náà, aṣọ tí ó wà nínú àpótí fún ìkómọ, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì sá a sí oòrùn. Kí kàfúrà má ṣe kàn án.

NÍPA GÌRÌ

Kò sí ohun tí ó ń dẹ́rùbà ìyá bí kí gìrì mú ọmọ rẹ̀. Ojú ọmọ yí sókè, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ń jà, gbogbo ilé sì ń kígbe. Nígbà náà ni ẹnìkan yóò ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, òmíràn yóò fún oje àlùbọ́sà sí i lójú, ẹlòmíràn yóò ti ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́bàá iná. A ti rí àwọn ọmọ tí gìrì fi sílẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta, tí ọgbẹ́ iná sì sọ di arọ.

Èyí tí ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni àgbo ìtọ̀ màlúù, tí a fi ewé tábà, àlùbọ́sà, aáyù, efinrin, omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ pò pọ̀. Ní àwọn ọdún 1970, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn wádìí àgbo yìí. Wọ́n rí i pé ó ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì ń dí èémí lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà ẹ̀jẹ̀ tí ó lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń fa gìrì. Ibà sì lè ti fà á wálẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí náà, oògùn tí a fi ń lé gìrì ni ó tún ń pe gìrì padà. Ọmọ tí kò sì mọ ara rẹ̀ kò lè gbé ohunkóhun mì. Ohun tí a bá dà sí i lẹ́nu, ọ̀nà èémí ni ó lè gbà.

Ohun tí ó yẹ kò pọ̀. Ẹ tẹ́ ọmọ sílẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kan kí itọ́ lè dà jáde. Ẹ tú aṣọ ọrùn rẹ̀. Ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ wo aago. Bí ó bá ju ìṣẹ́jú 5 lọ, tàbí tí ó tún padà, ẹ máa gbé e lọ ní kíá. Bí ó bá sì tètè dúró, ẹ ṣì gbé e lọ, kí a lè mọ̀ bóyá ibà lásán ni tàbí àìsàn inú ọpọlọ. Ohun tí dókítà kọ́kọ́ ń wá ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀, nítorí pé ìwọ̀nba omi ṣúgà díẹ̀ tí a fà sí ojú iṣan lè jí ọmọ tí gbogbo ilé ti ń sunkún lé lórí.

NÍPA INÁ ÀTI OMI GBÍGBÓNÁ

Ìlú iṣẹ́ ọwọ́ ni Ìlọrin. Àwọn amọ̀kòkò ń sun ìkòkò ní Dàda, àwọn ẹlòmíràn ń se wàrà, tàbí ẹ̀kọ, tàbí ọṣẹ, àwọn ọmọdé sì ń sáré kiri láàárín wọn. Bí omi gbígbóná bá dà sí ọmọ lára, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, kí ẹ sì máa da omi tútù mímọ́ sí ojú ibẹ̀ fún 20 ìṣẹ́jú. Bí aṣọ bá ti lẹ̀ mọ́ ara, ẹ má ṣe fà á. Kì í ṣe omi dídì. Omi ìkòkò tàbí ti ẹ̀rọ tó. Iná ṣì wà nínú ẹran ara lẹ́yìn tí omi gbígbóná ti dà kúrò, omi tútù ni ó sì ń pa á. Ẹyin, epo pupa, ọṣẹ eyín àti ògì kò lè pa á. Ìdọ̀tí ni wọ́n ń kó wọ ojú ọgbẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ojú ibẹ̀, ẹ fi aṣọ gbígbẹ wé ìyókù ara rẹ̀ kí òtútù má ba à mú un, kí ẹ sì máa lọ.

Àtẹ́lẹwọ́ ọmọ náà pẹ̀lú ìka rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo ara rẹ̀. Bí iná bá jó ọmọ ju ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ mẹ́wàá lọ, omi ara rẹ̀ yóò máa jò kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, a sì gbọ́dọ̀ fi omi dírípù rọ́pò rẹ̀. Ìdajì omi náà ni a ń fún un ní wákàtí 8 àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí: láti wákàtí tí iná jó o ni dókítà ti ń kà á, kì í ṣe láti ìgbà tí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó dúró ní ilé fún wákàtí mẹ́fà ti ná mẹ́fà nínú mẹ́jọ ọmọ rẹ̀.

NÍPA OHUN TÍ Ó HÁ ỌMỌ LỌ́FUN

Ẹ̀pà, egungun ẹja àti owó wẹ́wẹ́ ni ó wọ́pọ̀. Bí ọmọ bá ń húkọ́ tí ó sì ń sunkún, afẹ́fẹ́ ṣì ń kọjá. Ẹ jẹ́ kí ó húkọ́. Ṣùgbọ́n bí kò bá lè húkọ́ tí kò sì lè ké, ẹ dojú rẹ̀ dé, kí orí rẹ̀ rẹlẹ̀, kí ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ lù ú ní àárín èjìká méjèèjì lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí kò bá jáde, tí kò sì tíì pé ọdún kan, ẹ dá a délẹ̀, kí ẹ fi ìka méjì tẹ àárín àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún. Bí ó bá ti ju ọdún kan lọ, ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ gbá a mú ní òkè ìdodo, kí ẹ sì fà á sókè sí inú lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ẹ má ṣe ki ìka bọ ọ̀fun láti wá ohun tí ẹ kò rí. Yóò tì í wọ inú. Bí ó bá sì jẹ́ bátìrì kékeré pẹlẹbẹ tí ó dà bí owó ni ọmọ gbé mì, ẹ má ṣe dúró kí ó bá ìgbẹ́ jáde, nítorí pé láàárín wákàtí 2 ó lè jó ọ̀nà oúnjẹ lu.

BÍ ILÉ-ÌWÒSÀN TI Ń TÒ IṢẸ́ RẸ̀

Ẹnìkan lè béèrè pé, “Èéṣe tí nọ́ọ̀sì fi fi ọmọ mi sílẹ̀, tí ó lọ bá ọmọ tí ó dé lẹ́yìn wa?” Ìbéèrè tí ó tọ́ ni. Ní ibi ìtọ́jú pàjáwìrì àwọn ọmọdé, irú èyí tí ó wà ní Ilé-Ìwòsàn Ẹ̀kọ́ṣẹ́ ti Yunifásítì Ìlọrin tí a dá sílẹ̀ ní 1980, kì í ṣe ẹni tí ó kọ́kọ́ dé ni a kọ́kọ́ ń tọ́jú, bí kò ṣe ẹni tí ikú súnmọ́ jùlọ. Nọ́ọ̀sì ń wò bóyá ọ̀nà èémí là; bóyá ọmọ ń mí dáadáa; bóyá ọwọ́ rẹ̀ tutù, tí èékánná tí a tẹ̀ kò sì tún pọ́n padà kí a tó ka 3; bóyá ó mọ ara rẹ̀; bóyá gìrì ń mú un; bóyá omi ti gbẹ lára rẹ̀ nítorí ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí ń ké kíkankíkan lè dúró. Èyí tí ó dákẹ́ jẹ́ẹ́ kò lè dúró.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti tẹ ìwé ẹ̀kọ́ ètò yìí jáde fún gbogbo ayé. Ní ilé-ìwòsàn Queen Elizabeth ní Blantyre ní ilẹ̀ Màláwì, níbi tí dókítà Elizabeth Molyneux àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́, ikú àwọn ọmọ tí a dá dúró ti wà láàárín 10 sí 18 nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́yìn tí wọ́n tún ibi ìgbàlejò wọn tò láti 2001, ó rẹlẹ̀ sí 6 sí 8. Kì í ṣe oògùn tuntun ni wọ́n rí. Wọ́n kàn kọ́kọ́ ń wo ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ wò ni.

Àwọn òbí mìíràn ń dúró ní ilé nítorí owó. Kí wọ́n mọ̀ pé Abala 20 nínú Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti 2014 kà á léèwọ̀ kí ilé-ìwòsàn tàbí òṣìṣẹ́ ìlera kọ̀ láti tọ́jú ẹni tí ó wà nínú ewu pàjáwìrì, ìdí yòówù kí ó jẹ́. Ìjìyà sì wà fún ẹni tí ó bá rú u. Owó yóò di ọ̀rọ̀ lẹ́yìn. Èémí ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin ará, ohun mẹ́ta ni kí ẹ máa gbé pẹ̀lú ọmọ. Èkínní ni ìgò tàbí páálí ohun tí ó mu. Èkejì ni wákàtí tí ó mu ún. Ẹ̀kẹta ni òtítọ́: bí ìyá àgbà bá ti fún un ní àgbo, ẹ wí bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá ti rọ epo pupa sí i lẹ́nu, ẹ má ṣe fi pamọ́ nítorí ìtìjú. Dókítà kò jókòó láti dájọ́. Ohun tí a bá fi pamọ́ fún un ni ó lè pa ọmọ.

Nígbà tí ẹ bá sì dé ilé ní alẹ́ òní, ẹ wo abẹ́ ibùsùn àti ẹ̀gbẹ́ sítóòfù. Ìgò ohun mímu tí kẹrosíìnì tàbí sódà wà nínú rẹ̀, ẹ dà á sí inú ohun mìíràn tí ó ní ìdérí, tí ọmọ kò mọ̀ sí ohun mímu, kí ẹ sì gbé e sí ibi tí ọwọ́ rẹ̀ kò lè tó. Ọmọdé kò mọ oògùn. Àwa tí a mọ̀ ọ́n ni kí a ṣọ́ ọ.